Òróró Lára Ògiri Tuntun

Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá
Ilé ti parí! Wọ́n ní ká wá wò ó lọ́la. Finglas, ní Dublin níbí, ilé kẹta láti igun, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá arúgbó kan, nígbà tí mo rí imeèlì náà. Mo rẹ́rìn-ín débi pé ìyá náà béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ló dára tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dára gan-an.

Onílé wa ní Parnell Street fẹ́ ta ilé, ó ti ní ká kó jáde. Báǹkì sì ní bí a kò bá tíì gba ilé títí ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí, àwọn ò ní yá wa lówó mọ́. Ká ṣáà gba kọ́kọ́rọ́ kí ọjọ́ náà tó kọjá. N kò bẹ Ọlọ́run fún nǹkan mìíràn.

Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá
A lọ! Èmi, Láolú ọkọ mi, Tijésù ọmọ wa, àti Mummy Adéjùmọ̀kẹ́, ìyàwó pásítọ̀. Mummy Olóróró ni mo ń pè wọ́n nínú ìwé yìí — Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí i láéláé.

Ọ̀gá tó ń bójú tó ibi ìkọ́lé ló mú wa wọlé. Gbogbo nǹkan ni "grand" lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn ni pé kò séwu. Òjò ń rọ̀, grand. Ẹrẹ̀ kún bàtà wa, grand. Mr Grand ni orúkọ rẹ̀ láti òní lọ. Bó ṣe yísẹ̀ padà báyìí, Mummy yọ ìgò òróró ólífì nínú báàgì. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá kọ̀ọ̀kan. Wọn kò fi ìka kàn án o, àtẹ́lẹwọ́ ni. Tijésù ti sọ fún wọn pé òun ń lá àlá burúkú, torí náà wọ́n dà á dáadáa sí ògiri yàrá tirẹ̀. Tijésù ní, "Mummy, it's dripping." Mummy ní, "Àmín."

Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá
Mo jó lónìí títí bàtà mi fi já.

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá
Ìjà. Priscilla tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n má fọwọ́ sí ìwé kankan láìjẹ́ pé mo pe ẹni tó máa yẹ ilé náà wò. Láolú ní ilé tuntun nílé tuntun ń jẹ́. Wáránti ọdún mẹ́wàá! Kí la tún ń wá?

Mo ka wáránti náà nínú bọ́ọ̀sì. Ìpìlẹ̀ tó bá rì, òrùlé tó bá jò, ògiri tó bá là, ìwọ̀nyí ni wọ́n máa tún ṣe. Ilẹ̀kùn tí kò padé, press, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, tó wọ́, ìyẹn ò kàn wọ́n. Irú ìyẹn, kí a tó fọwọ́ sí ìwé ló dáa ká ti sọ ọ́. Mo ti pe ẹnì kan. Láolú kò bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ iyán mi tán.

Ìṣẹ́gun, 14 Oṣù Kẹwàá
Ọkùnrin náà dé. Ará Cork, ó ga bí òpó iná. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àwòrán pẹ́pẹ́yẹ wà lára ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì lórí, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, òmíràn lápò. Bàbá Tọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wá gbogbo àléébù ilé tuntun jáde kí kọ́lékọ́lé lè tún un ṣe, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ó yí bọ́ọ̀lù onígíláàsì kékeré kan sílẹ̀ nínú ilé ìdáná: "Ah, look at her go!" Ilẹ̀ kò tẹ́jú. Ilẹ̀kùn méjì kò padé. Wíńdò kan há. Mo ń tẹ̀lé e kiri, inú mi ń dùn bí ẹni tí wọ́n ń tú ẹ̀bùn fún.

Ló bá dúró. Ó tan iná sí igun pálọ̀. Àmì kan wà níbẹ̀, ó ń dán. Igun kejì, òun náà. Gbogbo yàrá, gbogbo igun. Ó ní láti ogún ọdún tí òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, òun ò rí irú rẹ̀ rí, omi kì í to ara rẹ̀ báyẹn.

Mo mọ ohun tó jẹ́. Ó yẹ kí n sọ. Ṣùgbọ́n ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Pé ìyàwó pásítọ̀ wa ti fi òróró ya ilé tí kò tíì di tiwa sí mímọ́? Mo ní, "That's strange." Ojú ń tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ó yọ mítà kan tó máa ń ké bí omi bá wà nínú ògiri. Ó gbé e kàn án kiri. Nínú yàrá Tijésù, ó ké. Mo rò pé òróró náà ni. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí Mr Grand.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Kẹwàá
Mo gbé! Mr Grand kọ̀wé, kò sì sí grand kankan nínú rẹ̀. Ó ní pẹ̀lú àmì ní gbogbo yàrá, ó ní láti jẹ́ pé omi ń jò káàkiri, àwọn máa ṣí gbogbo ògiri. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Báǹkì á ti lọ nígbà náà!

Láolú kò pariwo. Ó kàn ní, "Kòfó, ìwọ lo ní ká pe ẹni tó máa wá àléébù." Ìyẹn dùn mí ju ariwo lọ.

Ẹtì, 17 Oṣù Kẹwàá
Mo jẹ́wọ́! Mo gba ẹnu iṣẹ́ lọ sí ibi ìkọ́lé, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn mi. Mr Grand ń mu tíì. Mo ní òróró ni. Ó ní òróró wo? Mo ní òróró àdúrà. Ó gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo rò pé yóò lé mi jáde — ó bú sẹ́rìn-ín! Ó ní ìyá bàbá òun náà máa ń wọ́n omi mímọ́ sí ohunkóhun tí kò bá tètè sá, títí kan ẹni tó ń mú lẹ́tà wá. Grand ti padà! Wọ́n kàn máa tún ọ̀dà kùn, ká wá fọwọ́ síwèé ní Ìṣẹ́gun. Mo sáré dé ibi bọ́ọ̀sì, mo ń kọrin sókè, ẹnikẹ́ni ò sì wò mí. Dublin dùn.

Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹwàá
Mo ti sọ fún Bàbá Tọ́ọ̀ṣì náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ló bá rántí mítà. Ó ní, "Hang on. Oil wouldn't make that yoke cry."

Gbogbo igun ló ní òróró. Ibì kan ṣoṣo ni mítà ti ké. Ó ní omi wà lẹ́yìn ògiri yẹn.

Láolú gba fóònù: wáránti ńkọ́? Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ní àwọn tó ni wáránti á wá lóòótọ́, nígbà tí omi bá ti jẹ ògiri tán, ohun tí wọ́n sì máa kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a mọ̀ kí a tó rà á. A ti wá mọ̀ báyìí.

Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá
A jókòó sínú mọ́tò lẹ́yìn ìsìn. Bí a bá dákẹ́, kọ́kọ́rọ́ di tiwa ní Ìṣẹ́gun. Bí a bá sọ̀rọ̀, báǹkì lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Láolú ní ká gba kọ́kọ́rọ́ ná. Kí n má parọ́ fún ìwé ara mi: èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orí bẹ́ẹ̀dì Tijésù máa wà. Àyà ọmọ náà kì í fẹ́ òtútù. Mo ní, "N ò lè ṣe é, Láolú." Ó wa mọ́tò títí dé Parnell Street. Níbẹ̀ ló ti ní, "Kọ̀wé sí ọ̀gá ibi ìkọ́lé. Ògiri kan ṣoṣo, ni kó o sọ."

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹwàá
Wọ́n ṣí i! Páìpù tó ń lọ sí balùwẹ̀, ẹni tó so ó kò dè é dáadáa. Omi ń kán tó, tó, tó. Pákó ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dúdú. Mr Grand pọ́n bí tòmátò, ó ní, "That's not grand." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò lè dá a dúró. Mo rò pé ní gbogbo Finglas, èmi nìkan ni inú mi ń dùn torí pé ilé mi ń jò. Ó ní àwọn máa tún un ṣe, wọ́n máa fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́, kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an!

Àìkú, 26 Oṣù Kẹwàá
Mummy Olóróró ti fi wá jẹ́rìí lórí pẹpẹ. Wọ́n ní òróró ló tú àṣírí omi. Láolú rọra ní, "Mummy, mítà ni o." Wọ́n ní, "Ta ló rán mítà wá?" Lẹ́yìn ìsìn, àwọn tó fẹ́ ra ilé yí wa ká, nọ́ńbà Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń béèrè. Ta ló ń pín in? Láolú! Ó ń ṣàlàyé wáránti bí ẹni pé òun ló kọ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, 30 Oṣù Kẹwàá
Mítà dákẹ́. Mo ní kó tún gbé e kàn án. Ó dákẹ́. Mo ní kó tún un ṣe. Bàbá Tọ́ọ̀ṣì ní kí n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun máa lọ sílé.

Ẹtì, 31 Oṣù Kẹwàá
Owó báǹkì wọlé láàárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wọ ọwọ́ mi lọ́sàn-án. Mo sunkún, Láolú sunkún, Mr Grand yíjú sí wíńdò.

Kò tíì sí àga. A jókòó sílẹ̀ ní pálọ̀, a ń jẹ chin-chin nínú ike. Ìrọ̀lẹ́ ti dé, bangers ń dún káàkiri. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Halloween, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ń múra bí iwin tí wọ́n ń tọrọ nǹkan dídùn láti ilé dé ilé — ìjọ wa kì í ṣe é. Láolú ní kí n má dáhùn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mi ni wọ́n ń kàn! Ní Parnell Street, ta ló ń wá kan ilẹ̀kùn wa, àyàfi onílé? Mo ṣí i.

Àwọn ọmọ mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ti kun ojú rẹ̀ léfun. Ó yọjú wo ẹ̀yìn mi, ó wo pálọ̀ tó ṣófo. "Is this your gaff, missus?" Ilé ni wọ́n ń pè ní gaff níbí.

Láolú wo ojú mi.

"It is," mo ní. "It's ours."

Ó ní, "It's massive."

Kò tóbi. Yàrá mẹ́ta péré ni. Mo da gbogbo chin-chin tó kù sínú báàgì rẹ̀.