Ohùn Ìyá Àgbà Ẹnu-Títì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Wọ́n ti fà mí lé Ìyá Ṣììì lọ́wọ́. Àbúrò màmá mi ni, àwọn ló ń tọ́jú yàrá àwọn ọmọdé nílé ìkàwé. "Ṣììì" lówùúrọ̀, "ṣììì" lálẹ́. Màmá ní níwọ̀n ìgbà tí mo ti kẹ̀yìn sí ilé ẹ̀kọ́, kí n lọ máa to ìwé sórí pẹpẹ. Kò tíì di ọ̀sán tí mo ti sín Ìyá Ṣììì jẹ: ìrìn, ohùn, gbogbo ẹ̀. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín títí ó fi tọ̀ sára.
Ìyá Ṣììì ní, "Odídẹrẹ́, ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò o."

Ọjọ́rú, 5
Èdè oríṣiríṣi ló kún yàrá yìí. Òbí kọ̀ọ̀kan á ka ìtàn sínú kásẹ́ẹ̀tì lédè ilé wọn, ọmọ á ki wáyà sétí, á máa ṣí ìwé alàwòrán tẹ̀lé e. Ìyá Ṣììì ní ọmọ tí kò bá bá èdè ilé ẹ̀ pàdé nínú ìwé, á rò pé ilé onílé ni ìwé. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ rí.
Ọmọ kékeré kan wà — Ẹnu-Títì ni mo sọ ọ́. Látìgbà tí wọ́n ti kó dé, kò sọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí òun àti ìyá ẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn níbí. Ìyá àgbà ẹ̀ ló ka tiẹ̀ sílẹ̀ kó tó kú. Ojoojúmọ́ ló ń gbọ́ ọ. Èmi náà ń jí i gbọ́. Mo ti mọ̀ ọ́n sórí, bí kò tiẹ̀ yé mi.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo gbé! Mo fi ohùn Ìyá Ṣììì bú àwọn ọmọ sínú kásẹ́ẹ̀tì kan, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Àṣé ti ìyá àgbà ni. Ó ti pa rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Mo tètè dé. Mo ti ara mi mọ́ yàrá ẹrù, mo ka ìtàn náà sínú kásẹ́ẹ̀tì lákọ̀tun, ohùn arúgbó, èémí àti gbogbo ẹ̀. Ẹnu-Títì ki wáyà sétí. Ó rẹ́rìn-ín! Kò rẹ́rìn-ín rí. Orí yọ mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11
Ó ti ń dá kásẹ́ẹ̀tì lóhùn, wúyẹ́wúyẹ́. Á bèèrè nǹkan, á dúró gbọ́ èsì, á mi orí.
Ìyá Ṣììì ń yọ̀: "Odídẹrẹ́, ọmọ yìí ti ń ṣí o!"
Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìbéèrè nígbà tí mò ń kà á.

Ọjọ́rú, 12
Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà fúnra mi. Ó gùn ju ohun tí mo kà lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Ìyá Ẹnu-Títì wá láti ilé ìwòsàn tó ti ń nulẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára ẹ̀. Ó ní ọmọ òun ti ń wọ bàtà sùn. Ìyá Ṣììì ní kó gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́ ọ — ó fa wáyà yọ létí bí ẹni tí iná jó. Ó ní ìtàn kọ́ nìyẹn. Ó ní, "'Mo wà lẹ́yìn ilé. Jáde wá, ó ti pẹ́ tí mo ti dúró' — ohun tó ń sọ nìyẹn."
Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé èmi ni mo ka ìtàn náà. Mo rò pé ìgbátí ló kàn. Ìyá Ṣììì kàn bi mí pé, "Ta ló kọ́ ẹ lọ́rọ̀ yẹn?"
Kò sẹ́ni.
A fọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ìyá ọmọ kọ́ mi ní "má lọ" lédè wọn. Ó ní tí ọmọ bá dorí kọ ẹ̀yìn ilé, kí n fi ohùn ìyá àgbà pè é, nítorí ohùn ti òun gan-an, ọmọ náà kò kà á sí mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 17
Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Ṣììì ń kàwé fún àwọn yòókù. Mo gbójú sókè — Ẹnu-Títì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ ẹ̀ ti wà lára irin tí wọ́n fi ń ṣí i. Mo sáré. Mo fi ohùn ìyá àgbà sọ ọ́: má lọ.
Ó dúró. Mo gbá a mú mọ́ra.
Níta, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹnìkan rín ẹ̀rín kékeré. Ó tún pe ọmọ náà. Kì í ṣe ohùn arúgbó mọ́. Èdè wa ni.
Ẹnu-Títì gbójú wò mí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ lédè wa nìyí, ó sì já geere:
"Àǹtí, ta ló ń fi ohùn yín pè mí níta?"