Àbùlẹ̀ Tó Kọjú sí Atẹ́gùn

                                                            Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                            Òpópónà Alágbẹ̀dẹ.
                                                            Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta.

Òwú, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé ó ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ rẹ yẹn, àbí wọ́n ṣì ń gbé ọ bí àpò? Ọmọ rẹ ọkùnrin ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀ tí kì í pariwo? Àwọn ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ń gbọ́ràn? Mo kí gbogbo wọn. Ara tèmi le. Eyín mi ku mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n àwọn tó kù mọ iṣẹ́ wọn. Ṣinṣin ọkọ mi wà, ó ń jẹun, ó ń ráhùn, ara rẹ̀ dá. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, àgbà nínú wọn, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́, kó má fi ìwé tó kà ṣe ọ̀rọ̀ mi lọ́ṣọ̀ọ́.

Ohun kan ló mú mi kọ̀wé, mi ò sì ní fi í pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo ti jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ tapólì fún Ṣinṣin. Mo mọ̀ pé o ti gbé ọwọ́ lérí báyìí. A jọ búra pé inú sàréè lọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ṣùgbọ́n mu omi díẹ̀, kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Mo gba iwájú yáàdì Aláwòdì kọjá láìpẹ́ yìí. Ibẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta àga oníke. Ògiri gígùn yẹn ṣì wà, àwòdì tí wọ́n yà sára rẹ̀ sì ń yọjú díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà tuntun. Wọ́n ní àwòdì ni, ṣùgbọ́n àgbébọ̀ adìẹ ló jọ. O rántí bí àwọn awakọ̀ Oníràwọ̀ ṣe máa ń ké bí adìẹ tí wọ́n bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, tí àwọn tiwa á sì jáde pé ìràwọ̀ ọ̀sán ni tiwọn, ta ló rí i rí? Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù méjì péré ló wà ní gbogbo agbègbè nígbà náà. Awakọ̀ tí kò bá sí lábẹ́ àwòdì, abẹ́ ìràwọ̀ ló wà. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ẹrù máa ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ọjà ni.

Àwọn awakọ̀ yẹn ṣe ayé wọn. Ọ̀kan wà tó máa ń bẹ lọ́rì rẹ̀ tó bá ń gun òkè, "Ìyá mi, gùn ún, ó ku díẹ̀," tó bá dé orí òkè tán, á wá bú u. Òmíràn gbé àga onítìmùtìmù láti ilé rẹ̀ wá sínú ọkọ̀, ó ní ìdí òun kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Tètèdé máa ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láti ibi afárá, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbé omi ìwẹ̀ kaná. Tí omi náà bá hó tán tí kò tíì dé, á ní ọkọ̀ ló ṣàìsàn, kì í ṣe òun. Ṣinṣin tèmi kì í sáré ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ẹrù dì bíi tirẹ̀. Á yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, á fa okùn, á gbé etí lé e bí ẹni pé okùn ń sọ̀rọ̀, á wá ní, "Ó di ṣinṣin." Bí orúkọ ṣe lẹ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Òun àti Tètèdé, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹun nígbà náà.

Ọmọ yìí kò mọ iṣẹ́ tí àwa méjì ṣe, nítorí náà jẹ́ kó kọ ọ́. Tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù ọkọ̀, la máa ń rán nínú ṣẹ́ẹ̀dì, lórí ẹní, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gígùn, ìda tí a fi ń dí ojú abẹ́rẹ́ sì máa ń yọ́ nínú ìkòkò lórí iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Àwọn awakọ̀ ló sọ èmi ní Abẹ́rẹ́, tí wọ́n sọ ìwọ ní Òwú, nítorí a kì í rìn lọ́tọ̀. Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá yáàdì fún wa: ẹnu àbùlẹ̀, ìyẹn etí rẹ̀ tó lè ṣí, gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Tó bá wo iwájú, atẹ́gùn á wọ abẹ́ rẹ̀ bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò, á sì fa tapólì ya. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọ̀dà pupa sàmì sí etí iwájú tapólì kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, tapólì ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún Ṣinṣin ló wà lórí ẹsẹ̀ wa. Oṣù mẹ́ta péré ni mo tíì lò nílé rẹ̀. Àwọn Oníràwọ̀ kọjá, wọ́n ké bí adìẹ, ọ̀kan nínú wọn sì pè ọ́ ní òròmọdìẹ. Ìwọ lo kọ́kọ́ dìde, má purọ́. A sáré dé ẹnu ọ̀nà, a bú wọn títí ọ̀nà ọ̀fun wa fi gbẹ. Nígbà tí a padà, òdìkejì tapólì la jókòó sí. Ẹ̀rín la fi rán àbùlẹ̀ náà tán. Kò sí èyí tó wo ọ̀dà pupa nínú wa.

Sìmẹ́ǹtì ni Ṣinṣin kó. Òun àti Tètèdé jọ sinmi lẹ́bàá ọ̀nà, Ṣinṣin sùn díẹ̀, wọ́n tún gbéra, òjò sì dé. Nígbà tó fi máa dé ibi tó ń lọ, tapólì ti ya, okùn ń wọ́ nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ti ń di òkúta. Kó tó ráyè yẹ ìdì okùn wò, àwọn agbẹ́rù ti gé e dànù. Ọ̀gá gba ọkọ̀ tuntun lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún Tètèdé. Ṣinṣin ní okùn òun kì í tú fúnra rẹ̀. Ó ní ọwọ́ ènìyàn ló tú u nígbà tí òun ń sùn, ẹni tó gba ọkọ̀ náà ló sì tú u. Kò bá Tètèdé sọ̀rọ̀ mọ́. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àwọn Oníràwọ̀, ibẹ̀ ló wà títí irun rẹ̀ fi funfun.

Àwa ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbé tapólì náà padà wá, tí a rí ibi tí ẹnu àbùlẹ̀ kọjú sí, a já a kúrò, a jù ú sínú iná ìda. Iṣẹ́ ni a kò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ wa. A kì í ṣe ènìyàn burúkú, ṣùgbọ́n ara wa la kọ́kọ́ rò. Ọdún mẹ́tàlélógójì nìyẹn.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ tó ń kọ̀wé yìí mú ọkùnrin kan wá kí wa. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tó fi ń kó wọn. Ó jẹun tán, ó gbé àwo rẹ̀ lọ fọ̀. Mo ti gbà fún un láti ibẹ̀. Àfi ìgbà tí Ṣinṣin bi í pé ọmọ ta ni.

Ó ní, "Bàbá, ẹ lè mọ bàbá àgbà mi. Awakọ̀ ni wọ́n nígbà kan. Tètèdé ni wọ́n máa ń pè wọ́n."

Ṣinṣin gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Dìde."

"Ẹ má bínú, Bàbá, kí ni mo ṣe?"

"Mo ní dìde nílé mi! Ọmọ ọmọ mi kò ní wọ ilé ẹni tó tú okùn mi."

Ọmọ yìí bèèrè pé, "Okùn wo, Bàbá?" Ṣinṣin ní kó lọ bi wọ́n nílé Tètèdé.

Ṣinṣin ló tọ́ ọmọbìnrin yìí láti kékeré, ó sì ní òun kò ní fẹ́ ẹni tí Ṣinṣin kò bá fọwọ́ sí, bẹ́ẹ̀ ni òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ń gbá ilé tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ǹ bá ti sọ fún un pé kó nu ojú rẹ̀ nù. Mo wá bi ara mi pé, ṣé ìtìjú mi ló máa wá gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ ọmọ mi?

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, Ṣinṣin ń gé èékánná lọ́wọ́, mo lọ bá a. Mo ní, "Baba, kò sẹ́ni tó tú okùn yín. Èmi àti Òwú la rán àbùlẹ̀ sódì."

Kò gbójú sókè. "Ta ló ní kó o máa bá Tètèdé ro ẹjọ́?"

"Ẹjọ́ ara mi ni mò ń rò."

"Irọ́ ni. O fẹ́ fi irọ́ wá ọkọ fún ọmọ."

Ìwọ náà gbọ́! Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi purọ́ fún un tó ń gbà mí gbọ́, ọjọ́ tí mo sọ òótọ́ ló pè mí ní onírọ́.

Inú bí mi. Mo lọ fa tapólì àtijọ́ tí a fi bo pákó lẹ́yìn ilé, mo dá ihò sí i, mo sì rán àbùlẹ̀ lé e, ẹnu rẹ̀ sí iwájú bí a ṣe ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Mo ránṣẹ́ sí onífíríìjì pé kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá, kó kó yanrìn sínú àpò márùn-ún. Mo wá sọ fún Ṣinṣin pé, "Ẹ dì í bí ẹ ṣe máa ń dì í. Tí tapólì kò bá ya, ẹ lé mi lọ ilé ìyá mi."

Ó ní ìyá mi ti kú. Mo ní, "Ẹ ṣáà dì í."

Ó dì í. Ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbàgbé nǹkan kan. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé etí lé okùn, ó ní, "Ó di ṣinṣin," ó sì wò mí bí ẹni pé èmi ni Tètèdé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú akọ̀wé mi yìí, há sínú iwájú ọkọ̀ bí ìka ẹsẹ̀ nínú bàtà, a bọ́ sí ọ̀nà ńlá.

Ṣinṣin kò tíì bá ọmọkùnrin náà sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tó ti lé e. Ìgbà tí a rìn díẹ̀, ó ní, "Sáré."

"Bàbá, ó ti ń sáré."

"Mo ní sáré! Ìwọ ọmọ Tètèdé, o wá ń rìn bí ìgbín?"

Òun tí kò sáré rí láyé rẹ̀! Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí a gbọ́ gbà, gbà, gbà lẹ́yìn wa, a sì gbọ́ fàààà. A dúró. Tapólì ti ya láti iwájú dé ìdajì, okùn ti dẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ṣinṣin sọ̀ kalẹ̀, ó mú okùn náà, ó fi ọwọ́ tọ̀ ọ́ lọ títí dé ìdì. Ìdì náà wà níbẹ̀ bó ṣe so ó.

"Kò tú," ó ní. "Okùn mi kò tú."

Mo rò pé yóò bú mi, ẹ̀rín ló ń rín. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló ti ń fura sí láti gbogbo ọdún yìí, tó kàn gbé ẹ̀bi náà ru ẹlòmíràn kó lè rí oorun sùn. Ó wọnú ọkọ̀ padà, ó ní kí ọmọkùnrin náà gbé òun lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà rẹ̀.

A bá Tètèdé lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé rẹ̀, ó ń tú rédíò. Ó wo Ṣinṣin látòkè délẹ̀. "Ta nìyí? Mo rò pé o ti kú sọ́dọ̀ àwọn Oníràwọ̀."

Ṣinṣin ní, "Ìyàwó mi ló rán àbùlẹ̀ sódì. O kò tú okùn mi."

"Mo sọ fún ọ nígbà náà."

"O sọ fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, o pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé mọ́ mi lójú."

Ṣinṣin ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Má bínú, ọ̀rẹ́ mi."

Tètèdé dé ẹ̀yìn rédíò rẹ̀ padà. Ọmọ yìí di ọwọ́ mi mú débi pé ó dùn mí. Tètèdé wá sún lórí bẹ́ǹṣì. "Jókòó. Ọkọ̀ tuntun tí ò ń torí rẹ̀ bínú gan-an, jíà rẹ̀ kò dáa. Ojú mi rí màbo."

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jiyàn lórí jíà tó yẹ ká fi gun òkè tí wọ́n ti gé lulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni.

Ó wá ku tiwa. Ṣinṣin ti bá Tètèdé parí ìjà, ó sì kó gbogbo ìbínú náà lé èmi àti ìwọ lórí. Ó lè pè ọ́ lórí fóònù láti bi ọ́. Tó bá bi ọ́, má sẹ́. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀. Òun àti Tètèdé jókòó bí adájọ́, wọ́n ní àwa méjì la máa rán tapólì tí wọ́n máa ta bo iwájú ilé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, pé àwọn á yẹ gbogbo ojú abẹ́rẹ́ wò, èyí tí kò bá dára, a máa tú u, a máa tún un rán. Aṣọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ìda ti wà nílẹ̀. Mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà tètè máa bọ̀. Tí ọmọ rẹ bá bèèrè ibi tí ò ń lọ, sọ fún un pé ò ń lọ ṣẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́tàlélógójì, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n sì dá fún ọ.

Bá mi kí gbogbo ilé rẹ. Akọ̀wé mi ní kí n kí ọ, inú rẹ̀ dùn débi pé ó ti ta tàdáwà sí ẹní mi.

Èmi ni tìrẹ nínú ẹ̀bi àti nínú ayọ̀,

Abẹ́rẹ́.