Okùn Búlúù Ìdí Ọ̀pẹ̀yìnbó

Bàbá mi,

Ẹ má bínú pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Nígbà tí ẹ wà láyé, n kò lè wojú yín sọ̀rọ̀. Bóyá ìwà ojo ni pé ìgbà tí ẹ kú tán ni mo wá ń bá yín jà. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Mo wá lo ìsinmi yunifásítì nílé ní Òkè-Ọ̀pin. Ọ̀pẹ̀yìnbó ẹ̀yìnkùlé yín ti gbó, wọ́n há mọ́ra wọn, èso wọn kò ju ìkúùkù lọ. Olùkọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn wa ní kí a máa hú ìyá ọ̀pẹ̀yìnbó tó ti gbó, kí a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ẹ̀yin kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú ọ̀kan rí. Mo mú àdá. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń sunkún.

Ṣé ẹ rántí márùn-ún tí mo gbìn nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin? N kò mọ̀ pé a máa ń kọ́kọ́ sá ọmọ ọ̀pẹ̀yìnbó kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ lè gbẹ. Inú òjò ni mo rì wọ́n mọ́lẹ̀. Mo so okùn búlúù mọ́ ìdí wọn kí n lè mọ tèmi. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ ní gbogbo wọn ti jẹrà, ẹ ti kó wọn dànù, n kò sì gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ọgbà mọ́. Ẹ tún sọ ọ́ lójú àwọn alàgbà ìjọ: "Ọwọ́ eléyìí? Òkúta nìkan ló lè gbìn kó má kú!" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìtìjú yẹn ni mo gbé dé kíláàsì tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn.

Bàbá, mo rí okùn náà. Ó wà ní ìdí mẹ́ta tó sanra jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àwọn tí ẹ máa ń gbé èso wọn lọ sí ìkórè, tí gbogbo ìjọ ń yìn yín lé lórí. Kí ló dé? Kí ni ìyìn ọmọ yín ì bá gbà lọ́wọ́ yín? Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?

Mo sá àwọn ọmọ wọn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo sì gbìn wọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń bẹ̀rù pé wọn yóò kú, kí ọ̀rọ̀ yín lè ṣẹ. Ní àná, ọ̀kan yọ ewé tuntun. N kò tíì dárí jì yín.

Ìyá ṣì ń sọ fún àlejò pé ọwọ́ yín ló dára. N kò sọ ohun tí mo rí fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ. Ẹ ṣáà mọ bí a ṣe ń pa irú rẹ̀ mọ́.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín síbẹ̀.