Ìkòkò Kọ́ Ló Bú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Ìbọn ni. Ẹ ṣàánú mi, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi, kí admin sì bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Ìbọn ìléwọ́ ọkọ mi ló fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní range, pápá tí wọ́n ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, lọ́sàn-án Sátidé kan, ọta tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ ki ẹ̀tù sí ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ní kí n kọ́ ọ, pé obìnrin náà gbọ́dọ̀ lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti yìn ín díẹ̀, kò sí wàhálà, àfi bí mo ṣe tún fà á tí ìró tó jáde ò jọ ti àkọ́kọ́ rárá... ooru gbá mi lójú, mi ò mọ ọwọ́ ọ̀tún mi lára mọ́, mo kàn rí ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sórí bàtà mi. Ẹ̀rún irin kan há sókè ojú mi. Dókítà ní ká ní ó wá sísàlẹ̀ díẹ̀ ni, ojú yẹn ti lọ. Ṣùgbọ́n inú mọ́tò ni ẹ̀rù ti bà mí jù, bí ọkọ mi ṣe ń gbé mi lọ sí ER, nígbà tí mo rántí pé ọta tí ó ṣe pa pọ̀ mọ́ èyí tó fọ́ yìí, ó ti pín in fún àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo sọ fún un. Ó ní kí n di ọwọ́ mi mú dáadáa kí ẹ̀jẹ̀ má ba ìjókòó jẹ́.

Bowie là ń gbé, lókè òkun níbí. Èmi ń tọ́jú yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní National Harbor, òun ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan lọ́nà Beltsville. Ọmọ ọdẹ ni, láti apá Ìsẹ́yìn, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ní kí àwọn ọkùnrin tó ní ìwé àṣẹ ìbọn máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà ìsìn, òun ni wọ́n fi ṣe olórí wọn. Ó wá ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń tún ọta ṣe, tí wọ́n á bu ẹ̀tù tuntun sínú idẹ ọta tí wọ́n ti yìn, tí wọ́n á sì tẹ orí lé e. Ó tò ó sí basement wa. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ náà o. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Bùrọ̀dá Láyí, ó ti pẹ́ tó ti ń ṣe é, ìka rẹ̀ pé.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lọ ra ẹ̀tù. Ó pọ̀ lórí àtẹ bí oríṣi ìrẹsì. Ọkọ mi ń wá ẹyọ kan tí á bá gbogbo ìbọn ìléwọ́ mu, tiẹ̀ àti ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kékeré àti ńlá, kó má baà máa to ike jọ sílé. Bùrọ̀dá Láyí mú ọ̀kan fún un, ó ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí, ó ń bá oríṣiríṣi ìbọn lọ, ó fúyẹ́, ó sì máa ń gba àyè nínú idẹ débi pé téèyàn bá ṣèèṣì bù ú lẹ́ẹ̀mejì, á kún dànù, ojú á rí i. Ọkọ mi mú òmíràn. Ìyẹn náà ń bá gbogbo wọn lọ, kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bíńtín ni ọta kan ń gbà, ike kan á sì pẹ́ nílẹ̀. Bùrọ̀dá Láyí ní bíńtín yẹn gan-an ni òun ń bẹ̀rù, pé ìlọ́po ẹ̀tù a máa fọ́ ìbọn, pé ẹ bù ú lẹ́ẹ̀kan o, ẹ bù ú lẹ́ẹ̀mejì o, á wọlé, ẹ ò sì ní mọ̀ àfi tí ẹ bá tanná wo inú idẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní, "Láyí, ìkarahun ìgbín ni bàbá mi fi ń wọn ẹ̀tù, orí ibùsùn ẹ̀ ló sì kú sí." A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀tù ṣakabùlà bàbá rẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń tà níbí, ṣé ọ̀kan náà ni? Ta ló bi í?

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, olórí ẹbí wọn, máa ń pè wá láti ilé lórí video. Ọkọ mi kì í jókòó gba ìpè yẹn láéláé. Bí fóònù bá ti dún, ohun yòówù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e sílẹ̀, á ṣí fìlà, á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí rọ́ọ̀gì bí ẹni pé bàbá náà wà nínú ilé, títí wọ́n á fi ní kó dìde, lórí ìdúró ló sì máa ti gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, kí n má purọ́. Lọ́jọ́ tó ń ṣe àwọn ọta yìí, mo gbé oúnjẹ sọ̀kalẹ̀ fún un, mo bá a tó to idẹ sórí tíréè, tó ń bu ẹ̀tù sí wọn nínú, ó ti dé ibì kan láàárín. Fóònù dún. Ó gbé ìwọ̀n sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹbí ni, ọ̀rọ̀ náà le, ó sì pẹ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìyàwó àwọn, mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Nígbà tí ọkọ mi padà jókòó, ó ń bínú, ó ń dá sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀. Mo rí i tó wo tíréè náà bí ẹni tó ń wá ibi tó dé... ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀tù lọ. Kò tanná wo ìkankan. Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ ọdẹ?

Ìyókù tí a gbé lọ sí range, àwọn tó ni ibẹ̀ gbà á lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìyẹn ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló kù. Mo bẹ ọkọ mi kó gbà á padà. Ó ní ìbọn yẹn ló ti gbó, kì í ṣe ọta òun. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Kí n tó kúrò níbi tí wọ́n ti rán ọwọ́ mi, ó ti sọ fún pásítọ̀ pé ìkòkò ìsebẹ̀ oníná ló bú mọ́ mi lọ́wọ́. Báyìí ni àwọn màmá ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń gbé ìkòkò wá bá mi. Ìkòkò tuntun tó wà nílé mi báyìí, ó ju ìka mi tó ṣì ń tẹ̀ lọ. Mo ń kí wọn pé ẹ ṣé, ẹ ṣé... bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè fọwọ́ ọ̀tún tẹ́ ibùsùn mọ́, iṣẹ́ tí mò ń jẹun níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin, èmi ń wo ìbàdí Díákónì, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ṣe ọta inú rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí Sunday school, ó ń fọwọ́ pa wọ́n lórí. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ tó bá yọ ọ́, ta ló máa kọ́kọ́ fara gbà? Mi ò lè jókòó mọ́. Mo jáde lọ jókòó sínú mọ́tò.

Láti ọjọ́ kejì ìsìn yẹn ni mo ti ń pe ìyàwó àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Mo bá wọn sọ òótọ́, mo sì ní kí wọ́n má dárúkọ mi. Wọn ò jiyàn, àfi ìyàwó Bùrọ̀dá Láyí tó kọ́kọ́ ní Mọ́mì, ṣebí ẹ ní ìkòkò ni, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bí ọta ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé etí ọkọ mi pé wọ́n ń kó ọta rẹ̀ dànù, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní Láyí ni. Ta ló tún mọ̀ nípa ẹ̀tù? Ó yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó sọ ní ìpàdé àwọn ọkùnrin pé ìlara ipò ló ń ṣe é, àwọn kan ò sì kí i mọ́. Mo pe Bùrọ̀dá Láyí láti bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kó máa bínú sí mi. Èmi ò kúkú bá a sùn nínú ilé kan náà." Ó fi rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ti Díákónì ló kẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ó sì pẹ́ kí ọkọ rẹ̀ tó gbà. Òní ló dúró dè mí níwájú ilé ìtajà kan nígbà tó ti shift dé, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé àpò kékeré kan fún mi, ó fọwọ́ kan báńdéèjì mi, ó wọ mọ́tò rẹ̀. Mo gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Obìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi ní ṣé ó tán. Mo ní ó tán. Mo padà sínú mọ́tò, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Ìgbà tí mo délé, ọkọ mi wà ní yàrá ìgbàlejò, inú rẹ̀ dùn. Ó ní pásítọ̀ ti fún wa láyè ìdúpẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, pé kí n múra ẹ̀rí mi sílẹ̀, bí Ọlọ́run ṣe yọ mí lọ́wọ́ ìkòkò. Bùrọ̀dá Láyí á jókòó sẹ́yìn, níbi tí wọ́n lé e sí. Bí mo bá sọ òótọ́, ọkọ mi ò ní dárí jì mí láyé, ẹbí rẹ̀ á sì ní mo dójú tì í láàárín àwùjọ. Bí mo bá jẹ́rìí ìkòkò, orúkọ Ọlọ́run ni mo fi purọ́ yẹn, ẹni tí kò ṣẹ̀ á sì máa ru ẹrù mi lọ. Ṣé kí n sọ ọ́? Ṣé kí n ní ara mi ò yá, kí n jókòó sílé? Títí dìgbà wo? Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nílé ọkọ pẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mo ń ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n máa na máíkì sí mi, ọwọ́ òsì ni màá sì fi gbà á níwájú gbogbo ìjọ, torí ọ̀tún ò tíì lè di nǹkan mú.