Ẹbí Afua Tí Bàbá Rí Lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Àlàmú ọmọ mi,

Èmi, Olóyè Alhaji Láwàlì, olórí gbogbo Aláàtà, àwa Yorùbá ìlú yìí, tí àwọn ọba ń dìde kí, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí sí ọ ní Accra. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láàárín àwọn ará ibẹ̀. Ewúrẹ́ wa ti bí, ìyá rẹ ní kí n kí ọ.

O mọ̀ pé mo ti búra pé n kò ní bá ọ tọrọ Afua tí o fẹ́ fi ṣaya, nítorí n kò mọ ẹbí rẹ̀. Mo ti wá mọ̀ wọ́n o. Lọ́jọ́ Sátidé tí o wà níbi iṣẹ́, èmi àti Yusif àbúrò rẹ wọ ọkọ̀ tírótírò dé Kaneshie ní Accra níbẹ̀, Afua wá pàdé wa, ó mú wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì àtijọ́ tí ẹ ti fẹ́ ṣègbéyàwó. Háà! Àwòrán àwọn àgbà ẹbí wọn ni wọ́n gbé kọ́ yí ògiri ká, bí a ti ń gbé e kọ́ sí pálọ̀, àwọn míì tilẹ̀ wà lára gíláàsì fèrèsé, oòrùn ń tàn gba ara wọn kọjá. Mo bi Afua pé ṣé ẹbí yín ni gbogbo èyí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Bàbá, ẹbí gbogbo wa ni. Bàbá onírùngbọ̀n kan mú kọ́kọ́rọ́ dání, ó dájú pé òun ni onílé. Mo ṣí fìlà kí i, kò dáhùn, mo ní ọjọ́ orí ni. Ìyá kan wà, ibi gbogbo tí mo ti rí i ló ti ń gbé ọmọ, obìnrin ilé yẹn kì í yàgàn. Irú ẹbí báyìí, ta ni yóò kọ̀ ọ́? Mo gbà, màá wá.

Fi owó aṣọ ránṣẹ́ sínú fóònù mi, ṣùgbọ́n má fi owó bébà ńláńlá ránṣẹ́ o, fóònù mi kéré, kò ní gbà á. Kí o sì ra bàtà fún Yusif, ọmọ tó gbọ́n jù nílé yìí. Ilé yín á tòrò, ẹ ó bímọ bí ìyá ara ògiri yẹn.

Ó dáa, bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má bínú, èmi Yusif ni. Bàbá kì í ṣe olóyè kankan, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ nínú ọkọ̀ bí a ṣe ń bọ̀ ni mo kọ, n ò fi kún un, àfi ti oyè àti ti bàtà. Nígbà tí mo wá ní kí a kọ ọ́ sí yín, ó fajú ro, ó ní kí n kọ ọ́ pé òun ṣì ń rò ó. Ẹ má dá a lóhùn. Láti àárọ̀ ló ti ń nu àwòrán bàbá bàbá wa, ó ń bi mí bóyá àyè ṣì kù lára ògiri àna wa.

Ẹ tètè bá wa wá ìṣó.