Kòròfo Ọta Mẹ́wàá Tí Ó Jẹ́ Ti Orrin

Èmi, Leta Margit Haugland, opó Orrin Haugland, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí mo ń gbé lẹ́yìn ìlú Roundup ní ìpínlẹ̀ Montana, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Dókítà sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi kò tíì rọ̀, ṣùgbọ́n òfin kò béèrè ìyẹn. Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú èyí.

Maren, ọmọ àbúrò mi, ìwọ ni mo fi ṣe alámùúṣẹ ìwé yìí. Mo mọ̀ pé Alaska jìnnà, orí omi sì ni iṣẹ́ rẹ wà, o kò lè wá síbi ìsìnkú Orrin. Nítorí náà ni mo ṣe fi ohun tí ojú rẹ kò tó sí àárín àwọn ìpín náà. Kà á tán kí o tó pe lọ́yà.

1. Ilé mi àti ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ di tìrẹ. Fèrèsé ilé ìdáná kì í tì dáadáa. Ọdún mọ́kànlélógún ni Orrin fi ń sọ pé òun máa tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀wọ́, má tún un ṣe.

2. Juno, ajá mi, di ti Fern Okamoto, pẹ̀lú kúbùsù rẹ̀. Etí ajá náà ti di, ìró ìbọn kò dà á láàmú mọ́.

3. Ẹ̀rọ tí Orrin fi ń tún ọta dì, ìwọ̀n ẹ̀tù rẹ̀, àti garawa kòròfo idẹ mẹ́fà di ti Fern bákan náà. Ẹni tó bá ń tún ọta dì mọ̀ pé kòròfo, ìyẹn idẹ tó ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá yìn ọta, kì í ṣe ìdọ̀tí. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi orí tuntun dé e, yóò sì tún dún. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Fern fi jókòó sí tábìlì tó kàn ti Orrin ní pápá ìyìnbọn, kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú kòròfo ẹnikẹ́ni rí láì kọ́kọ́ béèrè, kódà èyí tó bá ta lé bàtà rẹ̀.

"Baba, ọmọ yín tún ti wá kí mi o," ni yóò wí.

"Bi í bóyá ó fẹ́ bá ẹ lọ sílé," ni Orrin yóò dá a lóhùn.

4. N kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún Delmar Quist, alága ẹgbẹ́ ayìnbọn, kódà ìgbálẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi.

Maren, ìdí rẹ̀ nìyí. Ìbọn Orrin ti pẹ́ láyé débi pé kò sí ẹni tó ń ṣe kòròfo rẹ̀ mọ́. Fúnra rẹ̀ ló ń gé wọn lára kòròfo ìbọn mìíràn, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi irin fáìlì fa ìlà kan sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé kejì oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ó yìn mẹ́wàá ní pápá. Ó rọra gbé ìbọn lélẹ̀, ó ní, "Leta, àyà mi," ó sì ṣubú. Ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn wá gbé e, mo sì bá wọn lọ. Ojú ọ̀nà ló kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà lọ wá kòròfo rẹ̀. Ilẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Delmar ti ṣà wọ́n. Mo bi í, kò sì sẹ́.

"Leta, òfin ni òfin. Ẹni tó yìn ín ló ni ín, títí tó fi máa kúrò ní ìlà ìyìnbọn; lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ṣà á ló ni ín. Orrin ti kúrò."

"Wọ́n gbé e kúrò ni, Delmar."

"Òfin ò sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ kúrò."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́, tí Fern náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ti jẹ paì ápù mi fún ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í wo fìlà wọn. Mẹ́rin nawọ́ sókè fún Delmar, Fern nìkan ló nawọ́ fún mi. Bí mo ṣe ń jáde, Delmar sọ ọ́ kí n lè gbọ́: "Idẹ lásán! Kí ló fẹ́ fi ṣe, yẹtí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Àwọn kòròfo yẹn ni ohun tí ọwọ́ Orrin ṣe kẹ́yìn láyé.

5. Pápá ìyìnbọn náà, ogójì éékà, tèmi ni. Bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Mo yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹgbẹ́ láti máa lò, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé. Láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú mi, ní ọjọ́ Sátidé kan, níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Delmar Quist yóò lọ sí tábìlì kẹrin, níbi tí Orrin ṣubú sí. Yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yóò to kòròfo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó ní ìlà nídìí sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà yóò bi ọ́, bí ọmọlúwàbí ti ń ṣe: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú wọn?" Ìwọ, Maren, yóò dáhùn pé rárá. Ṣà wọ́n, kí o sì rì wọ́n sáàárín ibojì èmi àti òun.

Bí ó bá ṣe é, ẹgbẹ́ ló ni ilẹ̀ náà títí láé. Bí ó bá kọ̀, tàbí tí kòròfo bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ilẹ̀ di ti Lyle Bezdek, aládùúgbò mi, kí ó máa da màlúù níbẹ̀. Kí àwọn tó bá Delmar rẹ́rìn-ín lọ máa bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é.

Lọ́yà ní ẹni tó ń jogún mi kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí. Mo ronú kan ilé tí kò ní jogún nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo sì ránṣẹ́ pe Corliss, ìyàwó Delmar. Ó ka ìwé yìí láti òkè títí dé ibí. Ó yọ awò ojú rẹ̀.

"Kòròfo náà pé mẹ́wàá. Inú dúrọ́ọ̀ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló kó o sí. Kò tiẹ̀ ní ìbọn tó lè gbà á. Ṣé kí n kó o wá fún ẹ lọ́la?"

Mo ní kó fi wọ́n síbẹ̀.

"Ṣé kí n sọ ohun tí o kọ fún un, Leta?"

"Tó bá bi ẹ́."

"Delmar?" ni Corliss wí. "Ìyẹn kì í béèrè." Ó sì mú kálámù láti fọwọ́ sí i.

Mo fọwọ́ mi sí ìwé yìí ní Roundup, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, ọdún 2014.

Leta Margit Haugland

Àwọn tó rí i bí ó ti ń fọwọ́ sí i:
Corliss Quist
Wendell Pruett, akọ̀wé lọ́yà