Àfòpiná àti Ẹ̀wù Pupa

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́. Wọ́n ti mú ọkùnrin kan. Wọ́n ní òun ló yìnbọn pa yín lẹ́nu géètì wa ní Ìṣọlọ́. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọn á so ó mọ́ àgbá létí òkun, àwọn sójà á sì yìnbọn fún un títí yóò fi kú. Lọ́jọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ kí n wá tọ́ka sí i ní kóòtù. Èmi nìkan ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi ni gbogbo ẹjọ́ wà.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Olúwa nìkan ló mọ iye ìgbà tí mo ti pa ọkùnrin yẹn lọ́kàn mi. Mo ti fi àdá ṣá a, mo ti gún un lódó. Ẹ̀jẹ̀ yín ṣì wà lára ògiri géètì. Màámi fọ̀ ọ́ títí, kò lọ. Nítorí mọ́tò funfun yín ni wọ́n ṣe pa yín. Ẹ̀yin náà kẹ̀, ojoojúmọ́ lẹ ń fi aṣọ tútù nù ún, tí gbogbo Òṣòdì fi mọ̀ pé owó sìmẹ́ńtì tí ẹ ń tà ti wọlé. Mo ń bá yín jà, ẹ máa gbọ́. Bí mo bá sì ń jẹun, mo ṣì máa ń wo abọ́ mi bóyá ẹ ti ju ẹran yín sí i.

Ẹ ò tíì mọ ohun tí mò ń ṣe gan-an nílé kọ̀ǹpútà yunifásítì. Àfòpiná ni èmi àti ọ̀gá mi ń sìn níbẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń fò yí àtùpà ká o. Nọ́ńbà inú ẹ̀rọ ni wọ́n. Mo ń lu ihò sára káàdì, ẹ̀rọ á sì kà á. Àwọn kan funfun, àwọn kan dúdú. Mo sọ fún ẹ̀rọ pé èéfín ti sọ igi di dúdú, bíi tàwọn igi ẹ̀gbẹ́ títì Apákun. Mo wá tú ẹyẹ sí wọn. Èyí tó bá funfun lára igi dúdú, ó ti gbé e jẹ. Àwọn dúdú tó ṣẹ́kù ló ń bímọ, ẹyẹ á tún dé, títí ìran funfun á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ kú, mo wá fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo ń fi ẹyẹ kún ẹyẹ láìsọ fún ọ̀gá mi.

Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọpọlọ ẹyẹ náà. Àwọ̀ nìkan ló mọ̀. Kò dá àfòpiná kankan mọ̀ lójú.

Lánàá, ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n to àwọn ọkùnrin síwájú mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọ ẹ̀wù pupa, fọkanáísà kan tí wọ́n mú ní Apákun. Ẹ̀wù pupa ni mo ti sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mo rí. Ọwọ́ mi ti gbéra, Bàbá. Ìró ìbọn ti ń dún létí mi. Mo wá wo ojú ẹ̀. Wọ́n ti lù ú, ètè rẹ̀ ti bẹ́. Mi ò sọ pé òun kọ́. Mi ò mọ̀ ni. Ilẹ̀ ń ṣú lọ́jọ́ náà, ìbọn ni mò ń wò, àti ẹ̀wù. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀.

Látàná, ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ oúnjẹ tí mo sè mọ́. Màámi ò wò mí lójú. Àwọn ará àdúgbò ti ń múra àtilọ wòran. Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kí n nawọ́? Ṣé ara yín á balẹ̀ bí wọ́n bá pa á? Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?

N ó sọ fún wọn pé ẹ̀wù ni mo rí, mi ò rí ojú. Ẹni tó pa yín lè wà lọ́nà igbó Okota tó sá gbà, kó máa rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀, ó sì ń dùn mí wọra. Síbẹ̀ mi ò ní nawọ́ sí ẹ̀wù kí wọ́n lọ pa èèyàn inú ẹ̀. Bí ẹ bá bínú sí mi, ẹ wá nà mí lójú àlá. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí àárò yín ń sọ.